Bí a ṣe ń tọ́jú cigar nílé ní Ìlọrin, lọ́yẹ́ àti lójò

Iṣẹ́ igi ni mò ń ṣe ní Ìlọrin. Àwọn tó bá kó cigar bọ̀ láti òkèèrè máa ń wá bá mi pé kí n kan àpótí tí wọ́n á máa kó o sí. Owó iṣẹ́ náà dáa, ṣùgbọ́n ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n lọ ra kúlà ná.

Ewé tábà ni cigar, láti inú dé ẹ̀yìn. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, òun náà á gbẹ. Bí afẹ́fẹ́ bá rin, á fa omi mu. Ọ̀rinrin ìdá 65 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló bá a lára mu, pẹ̀lú ooru ìwọ̀n 18 sí 21 ní Celsius. Lásìkò ọyẹ́, ilẹ̀kùn tí mo kàn lójò, tó jẹ́ pé tipátipá la fi ń tì í, á súnkì débi pé ẹ ó máa rí ìta láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdérí àpótí cigar ṣe ń súnkì. Àlàfo á yọ, pákó tó ti gbẹ á sì tún máa fa omi ara tábà. Ike kúlà kì í súnkì, fóòmù inú rẹ̀ sì ń dènà ooru ọ̀sán.

Kékeré ni kí ẹ rà, kó sì jẹ́ tuntun. Èyí tó ti gbé jọ̀lọ́ọ̀fù lọ òde ìnáwó rí, òórùn ata ò ní kúrò nínú rẹ̀, tábà sì yára fa òórùn mọ́ra. Ẹ fi bébà há ẹnu ìdérí, kí ẹ fà á. Bó bá yọ wẹ́rẹ́, ìdérí yẹn ò dí. Ẹ fọ kúlà, ẹ ṣí i sílẹ̀ níbòòji títí òórùn ike á fi lọ, kí ẹ wá ní kí káfíńtà gé pákó pẹlẹbẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Spanish cedar ni wọ́n ń lò ní Cuba. Ìbátan ọ̀gánwó ni. Bí ẹ ò bá rí i, ọ̀gánwó tó gbẹ dáadáa náà dára. Kó má kun fáníìṣì sí i o, ẹ má sì gba igi tó ń soje.

Àpò Boveda, ìyẹn àpò pẹlẹbẹ kékeré tó ń ṣàkóso ọ̀rinrin, èyí tí wọ́n kọ 65 tàbí 69 sí lára, ni mo fọwọ́ sí jù. Bí inú kúlà bá gbẹ, á tú omi sí i. Bí omi bá pọ̀ jù, á fà á padà. Ọ̀kan oní-60 gíráàmù tó cigar 25. Bó bá ti le gbagidi, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi òwú tí ẹ rẹ sómi ẹ̀rọ dípò rẹ̀, tábà á bu.

Ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ọ̀rinrin máa ń purọ́. Ẹ bu iyọ̀ sínú ìdérí ìgò, ẹ kán omi díẹ̀ sí i kó kàn rin, kó má yọ́. Ẹ kó òun àti ẹ̀rọ sínú ọ̀rá kan, ẹ dì í pa di ọjọ́ kejì. 75 ló yẹ kó kà. Bó bá ka 71, ẹ ti mọ̀ pé ó ń fi 4 dín.

Ooru ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bó bá ti kọjá 24 tàbí 25, ẹyin kòkòrò tó wà nínú ewé lè pa, wọ́n á sì lu cigar níhò wẹ́wẹ́. Yàrá abẹ́ páànù ní Ìlọrin sì máa ń kọjá 30 dáadáa nínú Oṣù Kẹta. Yàrá inú lọ́hùn-ún ni kí ẹ gbé e sí, nílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ kì í bà. Ilé alámọ̀ àtijọ́ sàn fún èyí ju ilé búlọ́ọ̀kù lọ. Ẹ má gbé e sáàárín aṣọ tí káńfọ̀ wà, tàbí yàrá tí ẹ ti ń jó tùràrí. Firíìjì ńkọ́? Rárá, á gbẹ ẹ́, á tún gbé òórùn ẹja wọ̀ ọ́. Fírísà ló wúlò láti pa ẹyin kòkòrò: ẹ fi ọ̀rá méjì dì í, kó lo ọjọ́ kan ní firíìjì, mẹ́ta ní fírísà, kó tún padà sí firíìjì fún ọjọ́ kan, kí ẹ tó kó o jáde. Bí iná bá ń lọ ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ lo ti ẹni tó ní sólà.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ra ìkòkò amọ̀ méjì ní Òkelele, tí ọ̀kan lè wọ inú èkejì. Ẹ da iyanrìn sáàárín wọn, kí ẹ máa bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọgbọ́n tí olùkọ́ kan ní Jigawa, olóògbé Mohammed Bah Abba, fi tọ́jú ewébẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ ni. Ẹ kó cigar sínú ike tó dí pa, ẹ gbé e sínú ìkòkò, kí ẹ fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀. Omi tó ń gbẹ lára amọ̀ ló ń gbé ooru lọ, ìdí nìyẹn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ lójò, nígbà tí afẹ́fẹ́ ti rin.

Cigar tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀, ẹ má kánjú rin ín, ara rẹ̀ á là. Ẹ fi àpò 62 sí i fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó tó kan 65.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ àpótí, màá kàn án fún un tayọ̀tayọ̀. Kó fi àpò 84 sínú rẹ̀ lófìfo fún ọ̀sẹ̀ méjì kí pákó lè mu omi yó, kó má sì fi àkísà tútù nù ún, torí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ á wọ́. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, kó tètè kó cigar inú rẹ̀ sínú kúlà.