Bí A Ṣe Ń Tún Ilé Mítà Ọkọ̀ Àtijọ́ Ṣe Nígbà Tó Bá Kán

Etí méjì ló kán lára ilé mítà (ike tó gbé àwọn àago iwájú awakọ̀ dání) Peugeot 504 mi, ọwọ́ réwáyà ni wọ́n sì kán sí. Gílóòbù kan ṣoṣo tí kò tàn mọ́ ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Dípò kí ó kọ́kọ́ tú kébù mítà, okùn irin tó ń yí àago eré, láti ẹ̀yìn, ṣe ló ki sukudiráfà bọ abẹ́ ilé mítà, ó sì fà á bí ẹni ń fa iṣu nínú ebè ẹ̀ẹ̀rùn. Mo gbọ́ "kà!" lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ẹ má bínú, alàgbà, gúlù máa mú un." Gúlù mú un lóòótọ́, fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún, bí mo ṣe ń gun òkè Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, gbogbo mítà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni ibà mú, mi ò sì mọ̀ bóyá 40 ni mò ń sá tàbí 80.

Ike tó kán dà bí eegun tó kán. Àwọn tó ń to eegun kì í so ẹsẹ̀ lásán láìfi pákó tì í. Bí ẹ bá kan gúlù sójú ibi tó kán, tí ẹ sì dá a padà, ibẹ̀ náà ni yóò tún ti kán. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nìyí: bí a ṣe ń fi eegun sínú ike.

Ilé mítà ni ike dúdú tó gbé àago eré, àago epo àti àago gbígbóná ẹ́ńjìnnì dání. Etí rẹ̀ ni ibi tí ṣúkúrúù ń gbà wọ inú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọdún 1968 ni 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé, ọdún 1975 sì ni ilé iṣẹ́ tó wà ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó. Èyí tó bá ṣì wà lójú títì lónìí ti jókòó sábẹ́ oòrùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ inú ọkọ̀ tí a ti pa sínú oòrùn ọ̀sán lè gbóná ju 60°C lọ. Ike tó bá rí irú ìyẹn lójoojúmọ́ kò ṣeé tẹ̀ mọ́, àfi kó kán.

Ẹ lè ní kí n lọ ra òmíràn. Mo lọ. Ní Àràròmí, ní Àgódi Gate, mo yí àwọn ṣọ́ọ̀bù ká láti àárọ̀ títí oòrùn fi kàn mí lórí. Ọ̀kan nínú wọn gbé ilé mítà 504 kan jáde láti abẹ́ òkìtì àwọn aláàmù àtijọ́, ó nù ún pẹ̀lú aṣọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí ló kù ní gbogbo ọjà yìí." Etí méjì péré ló kù lára tirẹ̀. Tèmi náà ní etí méjì tó kù. Mo dúpẹ́, mo padà sílé.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Ẹ yọ orí bátìrì tó jẹ́ máínọ́ọ̀sì. Wáyà tó wà lẹ́yìn mítà pọ̀, iná sì wà nínú òmíràn kódà bí ẹ bá ti pa ọkọ̀. Bí ìdí rẹ̀ bá kan irin, fíùsì ni yóò kọ́kọ́ lọ bí orí bá bá yín ṣe é. Ẹ tẹ́ aṣọ ìnura sórí ìdí sítiárìn kí ojú mítà má baà ha.

Kébù mítà ló ń fọ́ ilé mítà jù. Ẹ ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn, kí ẹ tú u kí ẹ tó fa ohunkóhun. Lára àwọn ọkọ̀ kan, nọ́ọ̀tì tí à ń fọwọ́ yí ni orí rẹ̀. Lára àwọn mìíràn, ẹ ó fún etí ike méjì pọ̀ kó tó jáde. Bí ọwọ́ yín kò bá dé ibẹ̀, ẹ lọ sí ibi ẹ́ńjìnnì, kí ẹ rọra ti kébù náà wọlé díẹ̀ láti ibi ihò tó gbà kọjá. Yóò dẹ̀, ilé mítà yóò sì lè bọ́ síwájú tó kí ọwọ́ yín lè wọ ẹ̀yìn rẹ̀. Iṣẹ́jú márùn-ún tí réwáyà mi kò ní sùúrù fún nìyẹn.

Ẹ fi fóònù ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó yọ wáyà kankan. Ẹ lẹ téèpù mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ nọ́ńbà sí i. Bí bébà ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tẹ bàbà mọ́ bá wà lẹ́yìn mítà, ẹ má tẹ̀ ẹ́ ká, nítorí bí ó bá ya, iṣẹ́ yín ti di méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, kí ẹ wá gbogbo ẹ̀rún tó jábọ́. Mo rí èyí tó tóbi jù nínú tèmi lábẹ́ ìjókòó awakọ̀, pẹ̀lú náírà márùn-ún kan tí mi ò mọ ìgbà tó ti wà níbẹ̀.

Irú ike wo ni?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fo ibí yìí, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wọn ti ń bàjẹ́. Ẹ wo ẹ̀yìn ike náà bóyá wọ́n kọ ABS tàbí PP, orúkọ irú ike méjì, sí i. Ọkọ̀ àtijọ́ kì í sábà ní i, nítorí náà ẹ fi ẹ̀rún kékeré kan sínú ife omi. Ẹ kan ọṣẹ díẹ̀ sínú omi náà, kí ike má baà léfòó lórí irọ́. Èyí tó bá léfòó lóòótọ́ ṣeé ṣe kó jẹ́ PP, kò sì sí gúlù ọjà tó ń mú ìyẹn dáadáa. Èyí tó bá rì, ẹ rẹ òwú sínú asẹ́tóònù, kí ẹ fi kan kọ̀rọ̀ kan tí ojú kò ní rí. Bí ó bá di lílẹ̀mọ́wọ́, ABS tàbí ẹbí rẹ̀ ni. Asẹ́tóònù yóò yọ́ ọ, ẹ sì lè fi ike tún ike ṣe. Bí kò bá ṣe nǹkan kan fún un, àrọ́dáìtì, gúlù tíúbù méjì tí à ń pò pọ̀, ni kí ẹ lò.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan èékánná ni mo ti ra asẹ́tóònù, ní Mọ́kọ́lá. Ọmọbìnrin tó tà á fún mi wo irùngbọ̀n mi, ó wo ìgò, ó ní, "Bàbá, ṣé ìyàwó yín lẹ fẹ́ bá tún èékánná ṣe?" Mo ní ọkọ̀ mi ni. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi gbàgbé ṣéńjì mi.

Ẹ̀kọ ike

Ẹ gé ẹ̀rún ABS wẹ́wẹ́, láti ibi tí kò hàn lára ilé mítà náà tàbí láti ara Lego ọmọdé tí kò wúlò mọ́. Ẹ kó wọn sínú ìgò kékeré tó ní ọmọrí irin, kí ẹ da asẹ́tóònù sí i títí yóò fi sáà bò wọ́n. Ìgò ni mo wí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ife ike tí wọ́n fi pín ọtí níbi ìkómọ ni mo bu asẹ́tóònù sí. Ìdí ife náà já lójú mi, gbogbo rẹ̀ dà sórí tábìlì ìyàwó mi, ó sì bó fáníìṣì rẹ̀ kúrò ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. A ṣì ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn nílé.

Ẹ pa ọmọrí dé di ọjọ́ kejì. Ẹ fi igi rò ó. Kí ó ki bí ẹ̀kọ gbígbóná tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bù sínú ewé. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó ṣí sílẹ̀. Asẹ́tóònù ń gbiná kíákíá: kò gbọdọ̀ sí sítóòfù, sìgá tàbí jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí.

Kí ẹ̀kọ tó tó í lò, ẹ tú àwọn mítà kúrò nínú ilé wọn. Ẹ má fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ wọn rárá, kí ẹ sì fi wọ́n sínú páálí. Ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ ike náà. Ọ̀rá ọwọ́ àti eruku kì í jẹ́ kí nǹkan lẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa.

Títò ó

Ẹ kọ́kọ́ to àwọn ẹ̀rún pọ̀ láìfi nǹkan kan sí i, kí ẹ rí i pé wọ́n bára mu. Níbi tí ìlà fífọ́ bá ti ń bá a lọ sínú ike, ẹ lu ihò kékeré bíi mìlímítà 2 sí òpin rẹ̀ gan-an. Ìlà náà kò ní rìn kọjá ibẹ̀ mọ́. Ẹ fi sáńpépà 120 ha ẹ̀yìn ibi tó kán títí yóò fi rí ṣákiṣàki, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ gbẹ́ ìlà náà bíi kòtò tó fẹ̀ lókè tó sì dín nísàlẹ̀. Ojú tí èèyàn ń wò, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan asẹ́tóònù sí ẹnu méjèèjì, kí ẹ tẹ̀ wọ́n pọ̀ bí ẹ ṣe ń ka ọgbọ̀n, kí ẹ fi téèpù mú wọn láti ojú. Nígbà tí ó bá dúró, ẹ yí i padà, kí ẹ fi ẹ̀kọ kún kòtò náà. Eegun ló kàn báyìí. Ẹ gé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ojú fèrèsé, èyí tó nípọn, ní ìwọ̀n ìka méjì. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ẹ̀kọ tútù náà, kí ẹ tún kan ẹ̀kọ mìíràn lé e lórí títí nẹ́ẹ̀tì kò fi ní hàn mọ́. Ẹ ṣe é fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ jẹ́ kí èkíní gbẹ kí èkejì tó gorí rẹ̀, nítorí èyí tó bá nípọn lẹ́ẹ̀kan náà yóò ní afẹ́fẹ́ nínú. Odindi ọjọ́ kan ó kéré tán kí ẹ tó gbé nǹkan lé e. Ọjọ́ méjì ni mo fún tèmi, òjò sì ń rọ̀.

Bí ẹ bá ń lo àrọ́dáìtì, nẹ́ẹ̀tì kan náà ni. Ẹ po ìdajì sí ìdajì láti inú tíúbù méjèèjì.

Ti PP yàtọ̀. Sódárìn áyọ́ọ̀nù ni ẹ ó mú, ẹ ó fi mú pín-ìnnì bébà gbóná, ẹ ó sì tẹ̀ wọ́n bọ inú ike náà sọdá ìlà fífọ́, bí ìgbà tí a ń rán igbá. Èéfín rẹ̀ kò dára fún imú.

Bí etí kan bá sọnù pátápátá, ẹ lẹ téèpù mọ́ ìdí ibi tó yẹ kó wà bíi àwo, kí ẹ fi ṣúkúrúù tí ẹ ti kùn ní Vaseline dúró sáàárín. Ẹ wọ́n baking soda yí i ká, kí ẹ kán súpà gúlù sí i, kí ẹ tún wọ́n, kí ẹ tún kán. Lójú ẹsẹ̀ ló ń le bí òkúta, ó sì ń gbóná, ó ń rú èéfín tó ń ta ojú. Ẹ yí ṣúkúrúù jáde, ihò yín ti wà níbẹ̀, kí ẹ wá fi fáìlì gé e sí bí etí ṣe rí. Ẹ má ṣe súpà gúlù yìí nígbà tí ojú mítà tó mọ́ gaara ṣì wà nítòsí o. Èéfín rẹ̀ máa ń sọ ọ́ di funfun bí ojú àwọn arúgbó. Kí ẹ sì má fi asẹ́tóònù nu ojú mítà náà láé. Bí ó bá ha díẹ̀, ọṣẹ ìfọyín funfun àti aṣọ rírọ̀ ti tó.

Dídá a padà

Inú ilé mítà tó bá funfun, funfun ni kí ẹ kùn ún padà, torí òun ló ń dá ìmọ́lẹ̀ gílóòbù padà sójú mítà. Ẹ má fi gílóòbù tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i. Ooru rẹ̀ yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ike náà.

Ẹ lọ bá fọkanáísà, kí ẹ tọrọ àjákù tíúbù, kí ẹ gé e róbótó, kí ẹ fi sábẹ́ orí ṣúkúrúù kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ọwọ́ dì wọ́n títí yóò fi dúró, kí ẹ fi sukudiráfà fún un díẹ̀ sí i, ó tán. Kébù mítà ló kọ́kọ́ ń wọlé, lẹ́yìn rẹ̀ àwọn wáyà gẹ́gẹ́ bí fọ́tò ṣe wí, kí ilé mítà tó jókòó. Kébù náà kò gbọdọ̀ ká ní kọ̀rọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ abẹ́rẹ́ yóò máa jó. Ẹ dá orí bátìrì padà, kí ẹ tan kọ́kọ́rọ́, kí ẹ wo gbogbo gílóòbù lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó dí ìyókù.

Mo gun òkè Mọ́kọ́lá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, abẹ́rẹ́ eré dúró sójú kan bí ẹni tó jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àago epo nìkan ló ṣì wà ní ìdajì, bí mo ra epo, bí mi ò ra. Ìyẹn ti kiní tó ń léfòó nínú táńkì, kò kan ilé mítà.