Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọmọ Tó Ń Wẹ̀ fún Ìdíje Láti Kó Èémí Rẹ̀ Níjàánu

Ọmọ tó bá wẹ̀ mítà 50 péré tó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, kì í sábà jẹ́ pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kéré. Èémí tó yẹ kó ti tú sínú omi ló há mọ́ ọn láyà. Bó bá yọ ẹnu, á fẹ́ tú ti tẹ́lẹ̀ jáde, á tún fẹ́ fa tuntun, bẹ́ẹ̀ àyè tó wà kò tó fún méjèèjì. Nígbà mìíràn, orí á máa fọ́ ọ lẹ́yìn ìdánrawò. Torí náà, mímí síta la kọ́kọ́ ń kọ́ ọmọ, kì í ṣe sísé èémí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí omi ti mọ ọn láyà. Kó fi ẹnu fa èémí wọlé fún bí ìṣẹ́jú àáyá 1, kó ri orí bọmi, kó wá máa fi imú àti ẹnu tú u jáde díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 3 tàbí 4. Kó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kó sinmi, kó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ẹ tẹjú mọ́ iwájú imú rẹ̀: omi gbọ́dọ̀ máa hó níbẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Bó bá jẹ́ ìgbà tí orí fẹ́ jáde ni omi ṣẹ̀ṣẹ̀ hó yàà, ọmọ náà ṣì ń sé èémí.

Nínú fírísitáìlì, ìyẹn ìwẹ̀ ìdojúbolẹ̀ tí apá ń fa omi lọ́kọ̀ọ̀kan, orí kì í gbéra sókè. Ara ló ń yí, orí á bá a yí. Ojú kan á wà nínú omi, èkejì á wà lókè. Bí orí ṣe ń la omi lọ, kòtò kékeré kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ibẹ̀ ni ẹnu ti ń rí afẹ́fẹ́ fà. Ọmọ tó bá gbé orí sókè, ìdí rẹ̀ á rì, ẹsẹ̀ á máa wọ́, á wá nílò èémí púpọ̀ sí i.

Bí èyí bá ti mọ́ ọn lára, kó wẹ mítà 50 lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, wọ́ọ́rọ́wọ́, kó máa sinmi ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30 láàárín. Ní mítà 25 àkọ́kọ́, kó máa mí lẹ́yìn ìfapá 3 (bí apá kan bá fa omi lẹ́ẹ̀kan, ìfapá 1 nìyẹn). Ní 25 kejì, lẹ́yìn ìfapá 5. Ẹ ka ìfapá rẹ̀. Bó bá fi ju 2 lọ lé sí i ní 25 kejì, ara rẹ̀ ti ń fọ́n ká, ẹ dá a padà sí 3. Ìfapá 7 tàbí 9 kò wúlò fún ọmọdé lójú wa. Ẹni tí èémí bá sì wọ́n, kó mí, ètò yòówù tí ì báà wà nílẹ̀. Fún ìdíje, ohun méjì ló tó kó mọ́ ọn lára: kó má ṣe mí ní ìfapá 2 àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó bá ti ògiri, kó má sì ṣe mí ní mítà 5 tó kẹ́yìn.

Òfin ìdíje àgbáyé fàyè gba mítà 15 lábẹ́ omi lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn ìyípadà létí ògiri nínú fírísitáìlì, ìwẹ̀ ẹ̀yìn àti bátafláì (ìwẹ̀ tí apá méjèèjì ń fa omi lẹ́ẹ̀kan náà). Ọmọdé kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Mítà 5 sí 7 tó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tà pọ̀ gbọ̀ngbọ̀n sàn ju 15 tó ń wọ́ lọ. Lẹ́ẹ̀mẹ́fà tó, kó sì sinmi ìṣẹ́jú 1 gbáko láàárín.

Ẹ má gbà fún ọmọ kankan láé kó máa mí kíkankíkan lọ́pọ̀ ìgbà kó tó wọ abẹ́ omi. Kì í fi bẹ́ẹ̀ fi ọ́síjìn kún ẹ̀jẹ̀. Kábọ́nì-dayọ́sáìdì ló ń gbọ̀n dànù, òun gan-an ló sì ń ta ọpọlọ lólobó pé ó tó àkókò láti mí. Ọ́síjìn lè tán láìsí ìkìlọ̀ kankan, kí ọmọ dákú sábẹ́ omi. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa, àní nínú omi tí kò jìn. Kó tó wọ abẹ́ omi, èémí 1 tàbí 2 tó rọlẹ̀ ti tó.

Nítorí èyí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n bára wọn díje ta ló máa pẹ́ jù lábẹ́ omi, ẹ má sì fi iṣẹ́ abẹ́ omi sí ìparí nígbà tó ti rẹ̀ wọ́n. Àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ máa wo ọmọ tó wà lábẹ́ omi láìgbójú kúrò. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dáwọ́ dúró, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tàbí tó ń ṣáko kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, ẹ má dúró wò ó: ẹ gbé e jáde, ẹ ké sí ìrànlọ́wọ́. Bí kò bá mí, ẹ kọ́kọ́ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu, kí ẹ tó máa tẹ àyà rẹ̀.

Ọmọ tó ní ásímà, tó ní àìsàn ọkàn, tàbí tó ti dákú rí gbọ́dọ̀ rí dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀. Etí omi gan-an ni kí oògùn tí alásímà ń fà símú wà, kì í ṣe inú báàgì níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ.