Kí a tó dá ímeèlì tó ń béèrè nọ́ńbà káàdì lóhùn

Ẹ̀yin ará wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin), bí ímeèlì kan bá dé ní orúkọ báńkì yín, tí ó ní kí ẹ fi nọ́ńbà káàdì àti kóòdù àṣírí ránṣẹ́ kí wọ́n má baà ti àkáǹtì yín pa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tẹ ohunkóhun níbẹ̀. Báńkì kì í béèrè kóòdù àṣírí lọ́wọ́ oníbàárà. Orúkọ tí ó hàn lókè kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí ẹnikẹ́ni lè kọ èyí tí ó wù ú síbẹ̀. Bí wọ́n bá fi èdè Faransé tí ó dán mọ́rán kọ ímeèlì náà, ìyẹn náà kò tó ẹ̀rí mọ́ pé báńkì ni ó kọ ọ́.

Àdírẹ́sì líǹkì ni kí ẹ fara balẹ̀ kà. Bí ẹ bá rí bankiwa.bj.atunse-kia.com/akanti, èyí tí ó kángun sí àmì / náà, ìyẹn atunse-kia.com, ni ó ń sọ ẹni tí ó ni ín, bankiwa.bj tí wọ́n fi ṣíwájú kàn wà láti tan ènìyàn jẹ ni. Bí iyèméjì bá ṣì kù, nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn káàdì yín ni kí ẹ pè, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà náà.