Bí mo ṣe ń ka ìwé ẹni tí ilé wọn dàrú

Ìwé tí èèyàn fi ń sọ ìgbà èwe rẹ̀ nínú ilé tó dàrú, má kà á lálẹ́. Mo dán an wò ní yàrá mi ní Lagere, ní Ilé-Ifẹ̀, oorun ò kun ojú mi. Ọ̀sán ni kó o kà á, kí pẹ́ńsùlù wà lọ́wọ́ rẹ: níbi tí ìyà bá ti jẹ ọmọ náà, kọ ọjọ́ orí rẹ̀ sétí ìwé. Àgbàlagbà ló ń kọ ọ́, àmọ́ ọmọdé ló rí i.

Má tètè dájọ́. Bàbá inú ìwé kan tí mo ti ń ṣépè fún, torí ó ta aago ìyàwó rẹ̀ mutí, òun náà ló pọ̀n ọmọ lọ sílé ìwòsàn nínú òjò.

Bó bá jọ ti ilé yín, pa ìwé dé, lọ ra ẹ̀pà. Má sì kà á sókè létí ìyá rẹ. Mo ṣe é. Màámi ní, "Ṣé èmi lò ń fìwé bú ni?"