Bẹ́ǹṣì ìgbérin tí mo ṣe fún Bàbá Wálé

Jórinjórin ni mí ní Ìkòròdú. Géètì, irin ojú fèrèsé, ìdúró táǹkì omi, iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn. Iṣẹ́ kan wá tí mo rò pé ọjọ́ kan ni n ó fi parí ẹ̀, ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn èèyàn ń béèrè bí mo ṣe ṣe é, mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Bàbá Wálé ló gbé e wá. Ṣọ́jà ni wọ́n. Borno ni wọ́n fi ẹsẹ̀ òsì sí, òkè orúnkún ni wọ́n ti gé e. Nígbà tí wọ́n padà dé àdúgbò wa, gbogbo wa di olùrànlọ́wọ́. Bí wọ́n bá fọwọ́ kan garawa omi, ẹnìkan á ti já a gbà. Bí wọ́n bá fẹ́ sọdá títì, ọmọ mẹ́ta á ti sáré síta. Èmi náà wà lára wọn. Kò pẹ́ tí wọn ò fi jáde mọ́, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń jókòó sí látàárọ̀ pẹ̀lú rédíò.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo rí wọn níwájú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ọ̀pá abẹ́ apá wọn méjèèjì. "Àbúrò, ṣé o lè ṣe bẹ́ǹṣì tí n ó máa dùbúlẹ̀ lé gbé irin?"

Wọ́n ní àwọn rí Peacemaker Azuegbulam. Ta ni kò rí i? Düsseldorf ní Jámánì ni, lọ́dún 2023, nígbà tí Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tó lọ sí Invictus Games, ìdíje tí Prince Harry dá sílẹ̀ ní 2014 fún àwọn ológun tó fara gbọgbẹ́ tàbí tí àìsàn mú. Ṣọ́jà tó pàdánù ẹsẹ̀ kan sójú ogun ni Azuegbulam náà. Irin ló gbé, wúrà ló sì gbà. Kò tíì sí ọmọ Áfíríkà tó gba wúrà níbẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀. Bàbá Wálé wò mí, wọ́n ní, "Ṣé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé irin ni?"

Ẹni tó ń bá wọn na iṣan lọ́sibítù ti fọwọ́ sí i kí wọ́n tó wá bá mi. Òun náà ló sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́: dókítà kan tó ń jẹ́ Ludwig Guttmann, tó sá kúrò ní Jámánì lọ sí ìlú Òyìnbó, ló kó àwọn ológun tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ti bàjẹ́ jọ ní Stoke Mandeville ní July 29, 1948, tó ní kí wọ́n fi ọfà figagbága. Mẹ́rìndínlógún péré ni wọ́n. Ibẹ̀ ni Paralympics, ìdíje àgbáyé àwọn aláàbọ̀ ara, ti hù jáde.

Èmi rò pé bẹ́ǹṣì ni bẹ́ǹṣì ń jẹ́. Ọ̀kan wà nílẹ̀ tí oníbàárà kan kò wá gbà mọ́, kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Mo ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ lé e, mo gbé ọ̀pá irin lásán lé wọn lọ́wọ́, 20 kg. Bí wọ́n ṣe sọ̀ ọ́ kalẹ̀ báyìí, ìdí wọn yí sọ́tùn-ún, gbogbo ara fẹ́ tẹ̀lé e. Mo gbá irin náà mú. Àwa méjèèjì ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ìgbà tí mo ronú sí i ló yé mi. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó bá dùbúlẹ̀ gbé irin, ó ti fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ lọ́tùn-ún lósì bí èèkàn. Tiwọn, orí bẹ́ǹṣì ni ẹsẹ̀ tó kù wà, ọ̀tún sì wúwo ju òsì lọ. Bẹ́ǹṣì fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀.

Wálé, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló bá mi wá ìwọ̀n ẹ̀ jáde lórí fóònù: mítà 2.1 ní gígùn, 61 cm ní fífẹ̀, kó wá tín-ín-rín sí 30 cm níbi orí, kí apá lè ráyè sọ̀ kalẹ̀. Gíga rẹ̀ ò gbọdọ̀ ju 50 cm lọ. Mo fi téèpù yí i padà sí ti àwa oníṣẹ́ ọwọ́. "Ẹsẹ̀ bàtà méjì ni fífẹ̀ ẹ̀," mo ní. Bàbá Wálé ní, "Ẹsẹ̀ méjì tí mò ń wá náà nìyẹn." Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín.

Ó rọrùn ju bí mo ṣe rò lọ, torí pákó oní-íǹṣì méjìlá ni káfíńtà ń tà. Mo to méjì pọ̀ fún ara, mo jẹ́ kí ọ̀kan ṣoṣo yọ síwájú ní àárín fún orí.

Irin onígun mẹ́rin, íǹṣì méjì, èyí tó nípọn, ni mo fi ṣe ẹsẹ̀. Mo fi iná kan igun kọ̀ọ̀kan díẹ̀, mo wọ̀n ọ́n láti igun dé igun ní ìdábùú, ó dọ́gba. Ibi tí mo ti ṣìṣe ló tẹ̀lé e. NEPA ti mú iná, epo jẹnẹrétọ̀ ń lọ, ni mo bá kánjú jó ẹ̀gbẹ́ kan tán kí n tó bọ́ sí èkejì. Bẹ́ẹ̀ irin gbígbóná máa ń fà. Nígbà tó tutù, ẹsẹ̀ kan ti gbé sókè, bẹ́ǹṣì ń mì bí àga ilé ẹlẹ́mu. Ọdún kẹtàdínlógún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí! Mo gé e, mo tún un jó, ọ̀tún díẹ̀, òsì díẹ̀.

Òpó tí irin ń dúró lé, apá oníbàárà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Mo ní kí wọ́n dùbúlẹ̀, kí wọ́n na apá sókè, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ògiri. Lẹ́yìn náà mo fi irin ààbò méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó rẹlẹ̀ díẹ̀ ju àyà lọ, kí irin má baà bọ́ lé ọ̀nà ọ̀fun. Wọ́n fárígá: "Mi ò kí ń ṣe ọmọdé." Mo ní kì í ṣe tìtorí ẹsẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ méjì náà ń kú sábẹ́ irin. Wọ́n gbà.

Bẹ́líìtì tó ń de itan mọ́ bẹ́ǹṣì kò gbọdọ̀ tín-ín-rín, bí kò bá ní í gé ara. Bẹ́líìtì ìjókòó mọ́tò méjì ni mo ní kí télọ̀ rán pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọn irin wíwúwo, tòkunbọ̀ ni a rà, mo sì kó wọn lọ sórí òṣùwọ̀n àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ọ̀kan tí wọ́n kọ 20 sí lára, 18 ni. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá fi díẹ̀ wúwo ju èkejì, èjìká ló ń jìyà ẹ̀, èjìká yẹn kan náà ni wọ́n sì fi ń ti ọ̀pá rìn.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gùn ún, àdúgbò pé. Wálé ni adájọ́. Òfin rẹ̀ ni pé kí irin balẹ̀ sáyà, kó dúró jẹ́ẹ́, kó tó gòkè, kí ìgúnpá méjèèjì sì na gbọọrọ. Tó bá dáa, funfun. Tí kò bá dáa, pupa. 60 kg. Wọ́n sọ̀ ọ́, wọ́n gbé e. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

"Pupa," Wálé wí.

Màmá rẹ̀ fẹ́ gbá a létí. "Bàbá ẹ ni o!"

"Kò dúró láyà."

Bàbá Wálé wà lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí ikùn wọn fi ń mì. "Ọmọ náà rí i. Kò dúró." Ọdún méjì ni gbogbo wa ti ń fún wọn ní funfun.

Wọ́n tún un gbé. Èkejì dúró.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń gbé e báyìí, ọjọ́ kan ìsinmi láàárín. Ìyàwó wọn ń fi Folashade Oluwafemiayo yọ wọ́n lẹ́nu, pé obìnrin ló gbé 167 kg ní Paralympics Paris lọ́dún 2024. Wọ́n ti dé 85. Lánàá wọ́n ní kí n bá àwọn wá irin 5 kg méjì sí i. Mo ti rí i, òṣùwọ̀n ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbé e lọ.