Mo san 8,000 sẹ́fà lóṣù, ọmọ ṣì ń kọ 7x − x = 7

Owó ló kọ́kọ́ ń dùn mí. 8,000 sẹ́fà ni mo ń kà sílẹ̀ lóṣooṣù fún ọmọkùnrin kan tó ń wá kọ́ ọmọ àbúrò mi ní ìṣirò nílé lálẹ́. Owó epo alùpùpù rẹ̀ ò sí nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ tí ìyàwó mi ń gbé síwájú rẹ̀ kó tó ṣíwèé ò sí nínú ẹ̀. Aránṣọ ni mí ní Kétu ilẹ̀ Benin, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa. Kákí ọmọ iléèwé ni mò ń rán jù, mo sì mọ iye tó ń gbà kí 8,000 tó jáde lára ẹ̀. Wọ́n wá dá ìwé ìdánwò padà, ọmọ gba 6 nínú 20. Mo pe olùkọ́ alẹ́ wa lórí fóònù, ó ní ọmọ náà ni kì í fọkàn sí i.

Mo ní ó dáa. Mo tẹ́ ìwé ìdánwò náà sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, mo ní kí ọmọ jókòó. BEPC, ìwé ẹ̀rí ìparí troisième, ni mo gbà kí n tó lọ kọ́ṣẹ́, ọmọ náà ò sì tíì kọjá quatrième, kíláàsì tó ṣáájú troisième. Ẹni tó ti dé troisième rí, irú ìṣirò báyìí ò lè ṣàjèjì sí i.

Èyí tó ṣe é léṣe jù nìyí:

7x − 4 − x + 9 = 3x + 20

Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ò le. Kó kó àwọn tó ní x jọ sójú kan, kó kó nọ́ńbà lásán jọ sójú kan, kó wá wo iye tí x jẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sí mi létí lédè Faransé, bí wọ́n ṣe ń kà á ní kíláàsì: “Sept x moins x égale sept.”

Mo ní, “Báwo?”

“Bàbá, a ti yọ x kúrò, ó wá ku méje.”

Ẹ gbọ́ ná. X wà lára méje, wọ́n ní kó yọ x, ó yọ ọ́, bí ẹni já bọ́tìnì lára ẹ̀wù. Mo bi í léèrè ẹni tó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó ní olùkọ́ alẹ́ sọ pé máńgòrò ni x, ọsàn ni nọ́ńbà lásán, a kì í ka máńgòrò mọ́ ọsàn.

Ibẹ̀ gan-an ni inú ti bí mi. Máńgòrò yìí náà ni wọ́n ń kó kiri láti ayé wa. Bí x bá jẹ́ máńgòrò, kí ni x lọ́nà x? Máńgòrò lọ́nà máńgòrò? Nọ́ńbà ni x, nọ́ńbà tí a ò tíì mọ̀ ni. Descartes, ará Faransé tó ń lo x, y àti z fún ohun tí a ò mọ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1637, nọ́ńbà ló ń wá. Al-Khwarizmi, onímọ̀ ìṣirò tó ṣe ti ẹ̀ ní Baghdad ní nǹkan bí ọdún 820 ò tiẹ̀ ní x kankan, ọ̀rọ̀ ló fi kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, síbẹ̀ ó kó àwọn tó jọra pọ̀. Kò sí ẹni tó bá wọn sanwó epo alùpùpù.

Máńgòrò ọ̀hún ò tiẹ̀ ran ọmọ lọ́wọ́ níbi tó yẹ kó ti ràn án lọ́wọ́, nítorí ó tún kọ 3x + 5 = 8x sójú ewé kejì. Mo ní kó fi nọ́ńbà tó bá wù ú sípò x kó wò ó. Nínú gbogbo nọ́ńbà tí Ọlọ́run dá, 1 ló mú! 3 àti 5 di 8, 8 lọ́nà 1 náà di 8. “Bàbá, ó bọ́ sí i!” Mo ní kó mú 2. Apá kan di 11, èkejì di 16. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 2 ni ò dáa. A mú 10: 35 àti 80. Ìgbà yẹn ló tó dákẹ́.

A padà sí 7x − x. Ó fi 10 sí i, 70 yọ 10, ó rí 60. Ó gbà pé kì í ṣe 7. Ó pa á rẹ́, ó kọ 7x − 1. Mo gbé àlùmọ́gàjí ọwọ́ mi sílẹ̀, mo jáde lọ mumi.

Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló gbà mí. Mo ní, “X ni owó iṣẹ́ kákí kan. Ìyá kan kó kákí méje wá fún mi rán. Èló ni máa gbà?”

“7x.”

“Ó padà wá mú ẹyọ kan, ó ní ọmọ tó ni ín ti lọ sí Àjàṣẹ́. Èló ló kù tó máa san? Ṣé sẹ́fà méje ló máa fún mi?”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Rárá o, Bàbá! 6x ni.”

Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ kíá kó tó sá lọ mọ́ ọn lórí. Mo tún ní kó fi 1 síwájú x tó bá dá dúró, kó di 7x − 1x. Olùkọ́ iléèwé rẹ̀ lè ní kò pọn dandan. Nílé mi, ó pọn dandan.

Ó ku ti àmì. Ó rí 4, ó rí 9, ó fẹ́ kọ 13. Mo mú àjákù kákí kan, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìṣirò náà sí i gàdàgbà, mo fi àlùmọ́gàjí gé e sí ègé-ègé, mo sì rí i pé àmì wà lára ègé kọ̀ọ̀kan: 7x, − 4, − x, + 9. Ó ń ṣún wọn kiri lórí tábìlì. Ibi tí 4 bá lọ, àyọkúrò rẹ̀ ń bá a lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló to − 4 ti + 9, tó ní 5 ló kù.

Ìyókù, ẹ ti mọ̀ ọ́n: 6x + 5 = 3x + 20, 3x = 15, x = 5. Ó fi 5 sí apá méjèèjì, méjèèjì jẹ́ 35. Ó pariwo débi pé ọmọṣẹ́ mi sáré wọlé láti ìta. Kí n má purọ́, àyà mi fẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọlọ́pọlọ aránṣọ!

Bí mo bá tún máa gba ẹnikẹ́ni sílé, 7x − x ni máa kọ fún un ká tó dúnàádúrà. Mo mọ̀ pé á rí 6x. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni ohun tó máa sọ fún ọmọ tó ní méje ni. Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ máa kọ́ ọmọ yín fúnra yín, ẹ má jẹ́ kó fi 1 dán ohunkóhun wò.

Wọ́n ti wọ àkámọ́ báyìí. Lánàá ló gbé 5x − (x − 4) wá, ó kọ 4x − 4 sábẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán. Mi ò sọ nǹkan kan, mo ní kó fi 10 sípò x. Ti ìwé mú 44 wá, tirẹ̀ mú 36 wá. Ó ṣì ń wá ibi tí 8 gbà lọ nígbà tí mo padà sídìí ẹ̀rọ, nítorí ọjọ́ Ajé làwọn ọmọ CEG, iléèwé girama wa, ń bọ̀ wá gba kákí wọn.