Ẹ Múra fún Omi, Ẹ Má Múra fún Oòrùn: Ètò Wíwa Kayak ní Nọ́wè Láti Inú Ọkọ̀ Òkun Ìgbafẹ́

Ní ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ tàbí ti Ìwòpin, béèyàn bá já sómi, ẹ̀rín la máa kọ́kọ́ fi í rín. Omi ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó máa ń tó 27 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní Nọ́wè, omi fjord, ìyẹn apá òkun tóóró tó wọ àárín àwọn òkè lọ, kì í sábà ju 15 sí 17 lọ nínú oṣù keje tí oòrùn ń ràn. Nínú oṣù karùn-ún, ó lè wà ní 8 sí 10. Ohun tó bá ti wà nísàlẹ̀ 15, omi tútù tó lè pani ni. Láti orí oṣù tí ẹ máa mú dórí ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ máa wọ̀, ìyẹn ló máa pinnu gbogbo ètò ẹni tó fẹ́ wa kayak, ọkọ̀ kékeré tóóró tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, níbi tí ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ bá yà sí.

Físà àti oṣù

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ tó ń lọ síbẹ̀ máa ń gbéra ní Southampton, èbúté kan ní England. Ẹni tó bá ń ti Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù lọ nílò físà méjì: ti UK, àti ti Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń lo físà kan náà, nítorí Nọ́wè wà nínú Schengen bí kò tiẹ̀ sí nínú European Union. Bó bá jẹ́ èbúté Nọ́wè nìkan ni ọkọ̀ máa yà sí, ọ̀dọ̀ Nọ́wè lẹ máa ti béèrè físà Schengen náà. Ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú; ẹ má dúró de oṣù kan tó kù, torí wọ́n lè gbà tó ọjọ́ 45. Kí físà UK yín sì jẹ́ èyí tó gbà yín láyè láti jáde kí ẹ tún wọlé, torí Southampton náà ni ọkọ̀ ń padà sí.

Àárín oṣù kẹfà sí ìparí oṣù kẹjọ ló dáa jù. Ojúde Ọba ò ní dí yín lọ́wọ́: Iléyá máa ń fi bí ọjọ́ 11 yá ju ti ọdún tó ṣáájú lọ, ti 2027 sì máa bọ́ sí àárín oṣù karùn-ún. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ lè jó tán kí wọ́n tó di ẹrù.

Èbúté àti aago

Ẹni tí kò wa kayak rí, kó mú Flåm. Ó wà ní ìpẹ̀kun Aurlandsfjord, ẹ̀ka Sognefjord tó gùn ju 200 kìlómítà lọ. Ọkọ̀ ńlá máa ń so mọ́ èbúté níbẹ̀, ẹ ó sì fẹsẹ̀ rìn dé ibi tí wọ́n ti ń gbé kayak sómi. Ní Geiranger, ọkọ̀ sábà máa ń dúró láàárín omi, wọ́n á wá fi ọkọ̀ kéékèèké kó èrò lọ sórí ilẹ̀. Ìlà yẹn lè jẹ wákàtí kan lára àkókò yín. Ẹwà Geiranger ju ti Flåm lọ lóòótọ́, pàápàá níbi tí omi Seven Sisters ti ń já wálẹ̀ láti orí àpáta. Ní Olden, adágún tí yìnyín orí òkè ń yọ́ sínú rẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń wa kayak. Omi yẹn tutù ju ti fjord lọ. Kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́.

Ìrìn àárọ̀ ni kí ẹ gbà. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, òkè máa ń gbóná ju omi lọ, afẹ́fẹ́ á sì máa fẹ́ wọ inú fjord lọ́sàn-án, ìgbì á dìde. Ẹ wo Yr, ètò ojú ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ Nọ́wè àti NRK, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìjọba wọn, jọ ń ṣe. Bí afẹ́fẹ́ bá máa ju mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ẹni tuntun á kàn máa jìjàkadì ni.

Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ ní aago 8, ẹ gba ìrìn aago 9:30. Ìrìn wákàtí mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ jù, àmọ́ aṣọ wíwọ̀ àti àlàyé á ti jẹ nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 nínú rẹ̀. Kí ìṣẹ́jú 90 ó kéré tán ṣẹ́ kù kí ọkọ̀ tó ṣí. Aago Nọ́wè máa ń fi wákàtí kan ṣáájú ti Nàìjíríà lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn wọn, fóònù yín á sì yí ara rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ lè má yí tirẹ̀. Ẹ so aago ọwọ́ tó bá ti ọkọ̀ mu.

Bí ẹ bá gba ìrìn náà lọ́wọ́ ọkọ̀, á wọ́nwó jù, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́, ọkọ̀ á dúró dè yín. Bí ẹ bá fúnra yín ṣètò rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa dúró. Kí ìwé ìbánigbófò yín dárúkọ wíwa kayak.

Aṣọ

Ibí lèèyàn ti sábà máa ń ṣìṣe. Aṣọ òwú kò wúlò níbẹ̀ rárá: ankara, àdìrẹ, T-shirt, jíǹsì, ìbọ̀sẹ̀ òwú. Á mu omi, kò ní tètè gbẹ, á sì máa fa ooru kúrò lára. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ irun àgùntàn, apá gígùn àti ẹsẹ̀ gígùn, ni kí ẹ kó lọ, pẹ̀lú súwẹ́tà fẹ́lẹ́ kan, ìbọ̀sẹ̀ irun àgùntàn méjì àti fìlà tó bo etí.

Ẹ béèrè bóyá drysuit, aṣọ tí omi kì í wọ̀, ni wọ́n máa fún yín. Wetsuit náà gbà. Omi díẹ̀ á wọ̀ ọ́, ara á sì mú un gbóná. Ibi tó bá jẹ́ jákẹ́ẹ̀tì òjò nìkan ni wọ́n ní, ẹ wá ibòmíràn.

Ọrùn àti ọrùn ọwọ́ drysuit jẹ́ rọ́bà tó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ awọ ara. Ìlẹ̀kẹ̀, irun dídì tàbí híjáàbù tó bá há sábẹ́ rẹ̀ á ṣínà fún omi. Kí ẹni tó ń lo híjáàbù fi kékeré kan sí i lókè rọ́bà, kó dé fìlà lé e. Lẹ́yìn tí ẹ bá fa síìpù, ẹ lóṣòó, ẹ ya rọ́bà ọrùn díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á sá lọ sẹ́sẹ̀, á sì máa gbé ẹsẹ̀ yín lékè omi. Ẹ lọ tọ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́ o!

Láìfù jákẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ọ̀rọ̀ bó bá wù yín: láti 2015 ni òfin Nọ́wè ti sọ pé kí ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀ tí kò tó mítà 8 wọ̀ ọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn.

Ìdánrawò nílé

Ẹni tó ti wa ọ̀pẹẹrẹ ní Ẹ̀pẹ́ ti mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó kí ọkọ̀ má yí. Ìyàtọ̀ ni pé àjẹ̀ kayak ní ojú méjì, ọ̀tún òsì lẹ ó máa fi wà á. Ẹ má fi apá nìkan fà á. Ẹ máa yí àyà àti ìbàdí, kí ẹsẹ̀ máa ti ọkọ̀ níwájú. Apá nìkan á ti rẹ̀ láàárín ogún ìṣẹ́jú.

Ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ lè lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí kò fẹ́ kí omi kan ojú òun kò gbọ́dọ̀ lọ. Ẹ lọ sí adágún ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì kan, ẹ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn títí ara á fi balẹ̀, kí ẹ sì ki orí bọmi.

Kayak ẹlẹ́ni méjì ni kí ẹ gbà, kì í tètè yí. Ẹni tó wà lẹ́yìn ló ń fi ẹsẹ̀ darí rẹ̀, torí náà ẹ má ka oyè: kí Ọ̀tunba jókòó síwájú, kí ọmọ ọdún 30 wà lẹ́yìn. Ìwọ̀n ìwúwo yín gan-an ni kí ẹ sọ fún wọn.

Bó bá yí

Ẹ tẹ̀ síwájú, ẹ fa okùn tó wà níwájú aṣọ tó bo ẹnu ihò ìjókòó, ẹ fi ọwọ́ ti ara yín jáde. Ẹ di kayak mú. Ẹ má lúwẹ̀ẹ́ lọ sí bèbè, bó ti wù kó dà bíi pé ó sún mọ́ tó. Ìṣẹ́jú 1, ìṣẹ́jú 10, wákàtí 1: bí Gordon Giesbrecht, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Kánádà tó ń ṣèwádìí ohun tí òtútù ń ṣe fún ara, ṣe ń kọ́ni nìyẹn. Nínú ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ẹ ó máa mí hẹlẹhẹlẹ láìfẹ́. Ẹ kàn gbé ẹnu kúrò nínú omi títí á fi rọlẹ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á fi ṣiṣẹ́, torí náà ìgbà yẹn ni kí ẹ padà sínú kayak pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ atọ́nà. Ó tó nǹkan bíi wákàtí kan kí òtútù tó lè mú kéèyàn dákú. Nọ́ńbà ìgbàlà lójú òkun ní Nọ́wè ni 120. Ti áńbúláǹsì ni 113.

Bí ẹ bá gòkè, ẹ bọ́ aṣọ tútù kí ẹ tó ya fọ́tò. Tíì gbígbóná ni kí ẹ mu. Ògógóró á jẹ́ kó dà bíi pé ara ń gbóná, ṣùgbọ́n ṣe ló ń la iṣan tó wà lábẹ́ awọ sílẹ̀ kí ooru inú máa jáde; ó di alẹ́ nínú ọkọ̀.